Alágbàṣe Oko Olóko: Ta Ni Òfin Ń Gbèjà?

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ẹni tí ń gba oko olóko ro, ó kan ẹni tí ó ni oko, ó sì kan gbogbo ẹni tí ó jáde kúrò ní ilé bàbá rẹ̀ láti lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ní ìlú onílùú.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní agbègbè Olú-ìlú wa, Àbújá, ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù, tí ó gba ọ̀nà Gwagwalada lọ sí Kwali àti Abaji, yóò rí àwọn ọkùnrin lẹ́bàá títì, ọkọ́ ní èjìká, omi mímu nínú kẹ̀ǹgbẹ̀. Oko wọn kọ́ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò wá wò wọ́n, tí yóò wí pé, “Ìwọ, ìwọ àti ìwọ, ẹ máa bọ̀.” Ẹlòmíràn nínú wọn ti Ìpínlẹ̀ Benue wá, ẹlòmíràn ti Sókótó, ẹlòmíràn ti rékọjá ẹnubodè láti orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Iye tí wọn yóò gbà, ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọn yóò gbà á, ẹnu ni a fi ń dá a. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di àríyànjiyàn, ọ̀rọ̀ olóko ni yóò lékè.

Ọ̀nà kò jìn láti ibẹ̀ dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, ilé ńlá tí òrùlé rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kì í tètè dé ibẹ̀. Nígbà tí ó bá sì dé, orúkọ mìíràn ni a máa ń fi pè é.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ZABARMARI

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ọdún 2020, àwọn agbésùnmọ̀mí ká àwọn ènìyàn mọ́ oko ìrẹsì ní Koshobe, lẹ́bàá Zabarmari, ní Ìpínlẹ̀ Borno, wọ́n sì pa wọ́n ní ìpa ìkà. Ní ọjọ́ kejì, Gómìnà Babagana Zulum wà níbi tí a ti sin òkú 43, iye náà sì tún ga sí i nínú ìròyìn àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e. Àgbẹ̀ ni ìròyìn pè wọ́n, àgbẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tí wọ́n ti Ìpínlẹ̀ Sókótó wá, ìrìn nǹkan bí 1,000 kìlómítà, láti gba iṣẹ́ ìkórè ṣe. Àwọn wọ̀nyí kò ní oko ní Borno. Agbára apá wọn nìkan ni wọ́n gbé wá tà.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá. Kashim Shettima, tí ó ń ṣojú Àárín-gbùngbùn Borno nígbà náà, ni ó gbé e kalẹ̀. Àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ kíkankíkan. Wọ́n rọ Ààrẹ Muhammadu Buhari pé kí ó yọ àwọn olórí ọmọ-ogun ní ipò, kí ó sì fi àwọn ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní tiwọn ní kí Ààrẹ wá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ipò tí ààbò ìlú wà. Ọ̀rọ̀ ààbò ni wọ́n sọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀mí ni ó ṣáájú ohun gbogbo.

Ìbéèrè mìíràn wà tí ó kù nílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Ọkùnrin tí ó ti Sókótó wá yìí, ta ni ó gbà á síṣẹ́? Ta ni ó kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀ sílẹ̀? Owó ọjọ́ tí ó ti fi ṣiṣẹ́ kí ikú tó dé, ta ni yóò kó o fún aya rẹ̀? Òfin ilẹ̀ wa ní ìdáhùn sí díẹ̀ nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Ó sì dákẹ́ lórí òmíràn.

ÀLEJÒ NI WÁ, ONÍLÉ SÌ NI WÁ

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ oko. Ọ̀wẹ̀ wà, tí ará àti ọ̀rẹ́ máa ń péjọ fún, tí olóko yóò sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Àárọ̀ wà, tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kan náà máa ń ro oko ara wọn ní àrò-yíká. Ìwọ̀fà wà, tí ènìyàn fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ dípò èlé owó tí ó yá, èyí tí ayé ìsinsìnyí ti kọ̀ sílẹ̀. Àgbàṣe sì wà, tí í ṣe iṣẹ́ tí a fi owó gbà. Nínú ọ̀wẹ̀ àti àárọ̀, ojúlùmọ̀ ni ó ń ṣọ́ ojúlùmọ̀. Ẹni tí ó bá rẹ́ ẹlòmíràn jẹ yóò pàdé rẹ̀ ní ojúde ọba. Nínú àgbàṣe, àlejò ni alágbàṣe sábà máa ń jẹ́. Kò ní ẹbí nítòsí, kò gbọ́ èdè dáadáa, kò sì mọ ilé olórí àdúgbò. Ìdí nìyí tí ó fi nílò òfin ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ọwọ́ àlejò wà nínú oúnjẹ tí a ń jẹ. Nínú oko kòkó àti oko iṣu Oǹdó àti Èkìtì, àwọn Ebira, Tiv, Igede àti Ìdọmà ti ń ṣiṣẹ́ láti ìran dé ìran, tó bẹ́ẹ̀ tí “Àgàtú” fi di orúkọ tí àwọn kan ń pe lébìrà oko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹ̀yà kan ní Ìpínlẹ̀ Benue ni. Ní Òkè-Ògùn àti ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pọ̀ ni ó ti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò wá.

Àwa náà ti jẹ́ àlejò rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìnísà àti ará Ṣakí wà nínú àwọn tí ó fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Àwọn olóko kòkó ní Gánà pàápàá kò rí ọwọ́ tó láti ro oko wọn nígbà tí àwọn alágbàṣe tí wọ́n ti ilẹ̀ òkèèrè wá ti lọ. Ní ọdún 1976, ìjọba Nàìjíríà ní láti fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nínú oko kòkó erékùṣù Fernando Po, nítorí ìyà tí ó ń jẹ wọ́n níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, àwa tí a lé lánàá ni a tún lé ẹlòmíràn: ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ń pè ní “Ghana-must-go” títí di òní.

OHUN TÍ ÒFIN IṢẸ́ SỌ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin kò mọ alágbàṣe oko rárá. Èrò náà kò tọ̀nà. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, pe ẹnikẹ́ni tí ó bá bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn iṣẹ́ ọwọ́ ní òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ṣe àdéhùn náà tàbí ìwé. Ó ní owó gidi ni kí a fi san owó iṣẹ́, kì í ṣe ọjà tàbí ìrẹsì. Ó ní bí àdéhùn bá ju oṣù kan lọ, oṣù kan kò gbọdọ̀ kọjá kí òṣìṣẹ́ tó gba owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Àṣà tí ó wọ́pọ̀ nínú oko kòkó ni pé kí alágbàṣe ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko, kí ó tó gba owó rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Bí òfin yìí ti wà, àṣà náà kò bá a mu. Ṣùgbọ́n olóko kò mọ̀, alágbàṣe kò mọ̀, olùbẹ̀wò iṣẹ́ kò sì dé oko.

Òfin yìí kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí orúkọ, irú iṣẹ́, iye owó àti wákàtí iṣẹ́ yóò wà nínú rẹ̀, kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ẹni tí ó kọ òfin náà kò fi ojú inú wo oko. Kíkọ ebè lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìkórè ìrẹsì lè má tó oṣù kan. Kí àkókò ìwé tó pé, alágbàṣe ti gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, pẹ̀lú owó tàbí láìsí owó.

Ti àwọn tí ń kó òṣìṣẹ́ láti ìlú kan lọ sí òmíràn náà wà nínú rẹ̀. Òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ọmọ Nàìjíríà lọ síbi iṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni ó dárúkọ. Ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn tí a kó wọ inú oko wa kò sí nínú gbólóhùn náà. Ní ti ọmọdé, òfin kò gbà kí á gbà á síṣẹ́, àfi iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Ìyẹn kò dá àwọn tí ń kó ọmọ kiri dúró: ní ọdún 2003 ni a rí àwọn ọmọ láti orílẹ̀-èdè Benin níbi ìfọ́ òkúta nítòsí Abẹ́òkúta, tí a sì dá wọn padà sílé.

Òfin kan tún wà tí ó dára púpọ̀, tí kò sì lókìkí: òfin owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa tàbí tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́, ti ọdún 2010. Ó kan gbogbo agbanisíṣẹ́, yálà ìjọba tàbí aládàáni, ó sì ka ẹni tí a gbà fún ìgbà díẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ yóò máa dá sí àpò tí NSITF ń tọ́jú. Ìbá ṣe pé a kọ orúkọ àwọn tí ó lọ kórè ìrẹsì ní Borno sínú ìwé irú àpò bẹ́ẹ̀ ni, ibì kan ìbá wà tí àwọn opó lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

IBI TÍ ÒFIN TI YỌ ÀGBẸ̀ SÍLẸ̀

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo owó oṣù tí ó kéré jù lọ. Ní ọdún 1981, ₦125 ni òfin fi lélẹ̀. Ní ọdún 2011, ó di ₦18,000; ní ọdún 2019, ó di ₦30,000. Ní ọjọ́ 23, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé méjèèjì nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ gba àbá ₦70,000 wọlé. Kíkà àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹta, ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 29, oṣù náà. Wọ́n sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta-mẹ́ta tí a ó máa tún un yẹ̀ wò, dípò ọdún márùn-ún.

Àtúnṣe yẹn kò fọwọ́ kan gbólóhùn kan tí ó wà nínú òfin ọdún 2019. Gbólóhùn náà ni ó yọ àwọn kan sílẹ̀: ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní kíkún, àwọn tí a ń san owó fún ní ìwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti àsìkò, bí iṣẹ́ àgbẹ̀. Alágbàṣe oko lè bọ́ sínú gbogbo ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Iye ebè tí ó kọ ni a fi ń san owó rẹ̀, àsìkò ni iṣẹ́ rẹ̀, olóko rẹ̀ kò sì ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá.

Àwọn tí ó fara mọ́ ìyọsílẹ̀ yìí ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a gbọ́. Wọ́n ní àgbẹ̀ tí ó gba ọwọ́ méjì kún ọwọ́ tirẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí alágbàṣe rẹ̀. Bí ó bá san ₦70,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, nígbà tí ajílẹ̀ ti gbówó lórí tí owó ọkọ̀ sì ti ga, iṣu rẹ̀ kò ní ṣeé rà ní ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn òfin náà kò fi ìyàtọ̀ sáàárín àgbẹ̀ kékeré àti ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún sarè ilẹ̀. Agboorun tí a na fún tálákà ni olówó náà ń dúró lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì pín ₦70,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, kò ju nǹkan bí ₦2,700 lójúmọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ gba alágbàṣe tàbí tí ẹ jẹ́ alágbàṣe, ẹ fi èyí wọn iye tí ẹ ń san tàbí tí ẹ ń gbà.

Irú àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ayé. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ní ọdún 1938, wọ́n yọ òṣìṣẹ́ oko sílẹ̀. Ọdún 1966 ni wọ́n tó mú díẹ̀ nínú wọn wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ìgbà tí àwọn ará Ṣáínà tí ó lé ní 20, tí wọ́n ń ṣa ìṣáwùrú ní etí òkun Morecambe, bá omi lọ ní oṣù Kejì ọdún 2004, kí wọ́n tó ṣe òfin pé ẹni tí ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí oko gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú òfin tiwa láti 1974. Kí á mú un lò ni ó kù.

TA NI Ó LÈ TÚN UN ṢE?

Ẹ má ṣe retí pé ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ni yóò tún un ṣe. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀ nìkan. Ní ọdún 2021, Garba Datti Muhammad láti Kàdúná gbé àbá kan wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin pé kí a jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ náà ní ẹnu nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC bínú, wọ́n wọ́ lọ sí iwájú ilé náà ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn gómìnà kan yóò fa owó náà wálẹ̀. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá, ẹ kò tilẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ni ó ń ṣòfin fún yín lórí ohun gbogbo.

Ní ti àjèjì, ìlérí pọ̀ ju ìmúṣẹ lọ. Ní ọdún 1960, ọdún òmìnira, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé pé a kò ní fi ìyàtọ̀ sáàárín àjèjì tí ó wọlé ní ọ̀nà òfin àti ọmọ ìlú ní ti owó iṣẹ́. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ará ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọjọ́ 90 láti wọlé láìgba físà. Ti 1986 fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́, ó sì mẹ́nu kan òṣìṣẹ́ àsìkò. Ní ọdún 2009, a fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí òṣìṣẹ́ tí ó ṣí kúrò nílùú wọn. Ṣùgbọ́n ìwé òfin wa sọ pé àdéhùn òkèèrè kò lè di òfin níhìn-ín àfi bí àwọn aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Láti ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2025 ni Nìjẹ̀r, Mali àti Burkina Faso sì ti jáde kúrò nínú ECOWAS. Ọkùnrin tí ó ti Nìjẹ̀r wá sí Kwali kò yí padà; ìwé tí ó gbára lé ni ó yí padà.

Ohun tí àwọn aṣòfin lè ṣe kò le púpọ̀. Kí wọ́n ya oko ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára oko kékeré nínú gbólóhùn ìyọsílẹ̀ náà. Kí wọ́n ní kí ìwé àdéhùn oko wà láti ọjọ́ kìíní, ìbáà jẹ́ ojú ìwé kan. Kí òfin ìkónilọ-síṣẹ́ mẹ́nu kan àjèjì pẹ̀lú ọmọ ìlú. Kí owó sì wà fún olùbẹ̀wò iṣẹ́ láti dé oko.

KÍ Ẹ TÓ RÍ ÒFIN TUNTUN

Ẹ má dúró de Àbújá. Bí ẹ bá gba alágbàṣe, tàbí bí ẹ bá jẹ́ alágbàṣe, ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni méjèèjì àti ìlú tí wọ́n ti wá, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, iye owó, ọjọ́ tí a ó san án, ẹni tí yóò pèsè oúnjẹ, àti ẹni tí yóò sanwó ìtọ́jú bí àdá bá ṣá ènìyàn. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ ìka. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan. Bí ìjà bá dé, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ yín. Legal Aid Council wà láti gba ẹjọ́ rò fún ẹni tí kò lówó lọ́yà, ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ní agbára láti wo àwọn àdéhùn òkèèrè tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí bí ó bá ń dájọ́.

Àwọn àgbà ní bí a ṣe bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ọ̀nà ló jìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi mọ bí ó ti rí kí ọ̀nà ilé jìn. Ní àárọ̀ ọ̀la, bí ẹ bá rí ọkùnrin tí ó dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í ní orúkọ rẹ̀. Kí ẹ tó sọ iye, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀.